Ìyá Rẹ Béèrè Rẹ Títí Tó Fi Kú

Bàrígà, létí ọ̀sà,
Ọjọ́ Sátidé.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo wà nídìí ààrò ẹja. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo jókòó sórí àpótí, mo kà á. Mo tún un kà. Nígbà tí mo máa fi kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹja orí ààrò ti jóná, àwọn obìnrin tí a jọ ń yan ẹja sì ń béèrè pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ọmọ mi ló kọ̀wé láti Ìbàdàn pé òun ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, òun ti di akọrin nínú ẹgbẹ́ eléré jáàsì kan, òun sì máa bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àkrà. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Jáàsì kẹ̀? Ọmọ tìẹ?" Mo kó ẹja tó jóná sọ nù.

O rò pé màá bínú. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi." Ọmọ mi, n kò ní ṣépè. N kò tilẹ̀ ní sọ pé kí o má lọ. Ẹnu mi kò gbà á mọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka ìwé yìí tán. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi láti ọjọ́ náà. O ní, "Mo fẹ́ dà bí ìyá mi. Bí kò tilẹ̀ rántí mi, èmi rántí rẹ̀."

Ó rántí rẹ, Dúpẹ́. Torí èyí ni mo ṣe mú kálàmù.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́, n kò bẹ akọ̀wé kankan, nítorí náà má wo àṣìṣe ọwọ́ mi. Jókòó kó o tó máa kà á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kó jáde ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń ro ó.

O mọ̀ pé Ẹ̀bùn ni orúkọ ìyá rẹ, pé àbúrò mi ni, pé èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn tó kú. O mọ̀ pé ó kọrin. Ohun tí mo sọ fún ọ ni pé orin gbà á lọ́wọ́ wa, pé kò ráyè tiwa mọ́, pé ibà ló sì pa á. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́.

Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ. Apẹja ni bàbá wa, àwọn náà sì ni kàtíkíìsì ìjọ wa létí omi níbí. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti kó wa wá nígbà tí Bàrígà ṣì jẹ́ igbó àti ẹrẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún kan, kùrukùru bo ojú ọ̀sà láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá wa àti ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn wà lójú omi, wọn kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Àwọn obìnrin ń lu agolo, wọ́n ń ké, ṣùgbọ́n ariwo náà dàrú, kò fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rìn wọnú omi títí ó fi mù ún dé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn kan léraléra. Àwọn obìnrin dákẹ́. Ohùn kan ṣoṣo ló kù, ó tọ́ gbọọrọ bí okùn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Bàbá wa bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ní, "Ohùn yìí, Ọlọ́run ló ni ín." Gbogbo wa ṣe àmín.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń dá orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá wa ní kí n sún sẹ́yìn kí Ẹ̀bùn máa dá a. Mo sún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìlara ni orúkọ rẹ̀, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí. Níbikíbi tí o bá ti ń kọrin, ẹnìkan á wà tí wọ́n ní kó sún sẹ́yìn nítorí rẹ. Wá ojú rẹ̀ rí. Má bẹ̀rù rẹ̀, má sì yàn án jẹ. Bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nígbà náà pé, "Dọ̀kásì, ṣé ó dùn ọ́?", bóyá ǹ bá sunkún kí ó sì tán síbẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀bùn dàgbà, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Òun ló ń ká ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, tó sì ń rán an. Ó ti bí ọ nígbà náà. Bàbá rẹ, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ti bá ọkọ̀ lọ nígbà tí o ṣì wà nínú oyún, kò sì padà wá. Ìyẹn kò pamọ́ fún ọ. Onítẹ̀wé náà ní giramafóònù, ó sì ní àwọn àwo orin jáàsì tí àwọn ará òkun mú wá láti Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún, bẹ́ẹ̀ ni giramafóònù ń kọrin, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀bùn náà ń bá a kọ ọ́. Ìdajì èdè náà kò yé e, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti ń dun ẹni tó kọ ọ́.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan nígbà tí a ń họ ìpẹ́ ẹja pé, "Àǹtí mi, orin wọ̀nyí kì í rìn tààrà bíi tiwa. Ó máa ń yà kúrò lọ́nà. Ẹ̀rù á máa bà yín pé kò ní padà mọ́, àmọ́ ó máa ń padà."

Mo ní, "Orin ọ̀mùtí nìyẹn. Gbájú mọ́ ẹja."

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sámí, tó ń fọn fèrè, tó sì ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, wá sọ́dọ̀ onítẹ̀wé láti tẹ ìwé ìpolówó eré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ta ló ń kọrin yẹn?" Onítẹ̀wé ní, "Ẹni tó ń bá mi ká ìwé ni." Ọ̀gá Sámí ní, "Kó má ká ìwé mọ́."

Bí ó ṣe di akọrin jáàsì nìyẹn. Nígbà tó délé wí fún bàbá wa, wọ́n ní, "Ohùn Ọlọ́run lo fẹ́ gbé lọ sílé ọtí?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ohùn tí mo fi pè yín wálé lójú omi náà ni. Kò yí padà." Bàbá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kó àwọ̀n jáde.

Ta ló sọ pé kó fi ọmọ sílẹ̀? Bàbá kọ́. Èmi ni. Èmi ni mo sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ dàgbà nílé eléré, pé kí a gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá wa, ní Ìgbòkòdá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. Mo ti lo ọdún méje nílé ọkọ nígbà náà, ilé ọmọ mi sì ṣófo. Ẹ̀bùn sunkún, ó ní, "Ṣé fún ìgbà díẹ̀ ni, Àǹtí mi?" Mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí mo pọ̀n ọ́ wọ ọkọ̀, tí o sùn lé mi lẹ́yìn, mo sọ nínú ọkàn mi pé Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Ǹ bá fi ọ́ sọ́dọ̀ ara mi, àmọ́ Bàrígà sún mọ́ ìyá rẹ jù.

Ẹ̀bùn gba yàrá kan ní Ṣómólú. Ní gbogbo ìparí oṣù, kì í tàsé, ó máa wá bá mi lẹ́bàá ààrò pẹ̀lú ẹrù tó di fún ọ. Ṣé o rántí bàtà pupa tí o wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, tí o kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ ṣé, Màmá Bàrígà"? Òun ló rà á. Aṣọ aláwọ̀ sánmà tó ní ọrùn léèsì, òun ló rán an lọ́wọ́. Sílétì rẹ, ìwé kíkà rẹ, ìbòrí tó ní òdòdó, kò sí ọ̀kan tó ti ọ̀dọ̀ mi wá. Mo máa ń tú ẹrù náà, màá yọ bébà tó kọ orúkọ rẹ̀ sí, màá kọ orúkọ tèmi.

Ẹ̀bùn á bi mí léèrè pé, "Kí ló sọ, Àǹtí mi?"

Màá ní, "Ó ní kí n kí ọ."

"Ṣé kò béèrè mi?"

"Ọmọdé ni. Ọmọdé tètè máa ń gbàgbé."

Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo lẹ́tà tí tíṣà abúlé ń bá Ìyá Àgbà kọ sí mi, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú rẹ̀: "Ọmọ yìí ń béèrè ìyá rẹ̀. Ó jókòó sí èbúté látàárọ̀. Kí la máa sọ fún un?" Mo ka gbogbo wọn. Mo fi wọ́n dáná ẹja.

Nígbà kan Ẹ̀bùn múra pé òun máa wá bá ọ ní Ìgbòkòdá, kí ẹni tó máa pa òun pa òun. Mo sọ fún un pé bàbá wa ti búra: bí ó bá tẹ ibẹ̀, wọ́n máa gbé ọ lọ síbi tí kò ní mọ̀ láéláé. Bàbá wa kò búra kankan, Dúpẹ́. Èmi ni mo dá ìbúra náà sílẹ̀. Nígbà tí bàbá sì kú, mo sọ fún un pé ìbúra òkú le ju ti alààyè lọ. Ó gbà mí gbọ́. Ìdí tó fi gbà mí gbọ́ ni pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí.

Bí o bá bímọ, ọmọ mi, gbọ́ èyí. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ gbé e, kí wọ́n bá ọ wẹ̀ ẹ́, àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Lọ fi ojú ara rẹ rí i. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọmọ rẹ kò béèrè rẹ, má bá a jà, má sì gbà á gbọ́. Dìde, wọ ọkọ̀. Èmi tí mo ń sọ fún ọ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀, òkìkí rẹ̀ kàn. Ọ̀gá Sámí sọ ọ́ ní Rósì, orúkọ náà sì hàn gàgàrà lára ògiri láti Ṣómólú dé Yábàá. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé e dé Jọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo orin. Nígbà tí àwo náà jáde, òun ló kọrin lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ Ọ̀gá Sámí nìkan ló wà lára rẹ̀. Ó mú un wá fi hàn mí, ó ń fi ìka tọ bébà pupa tó wà láàárín rẹ̀ yíká, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù. Mo ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo ní fún un nìyẹn.

Jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní Dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní orúkọ náà kò wu èèyàn létí, sọ pé òun ni ìyá rẹ sọ ọ́. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà tán. Tíṣà ni ọ́, kà á bí ẹni ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Tọ́jú ìwé ẹ̀rí tíṣà rẹ, má fi ìbínú ya á. Má jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ kankan pe ara rẹ̀ ní bàbá rẹ. Ọ̀gá Sámí pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń gbé orin ìyá rẹ sáfẹ́fẹ́ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà náà, àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Aládùúgbò wa ní ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gba ibẹ̀ kọjá, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀bùn nínú àpótí náà. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró. Lẹ́yìn náà mo yára kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, torí pé ó dára, Dúpẹ́. Ó dára ju bí mo ti fẹ́ kó dára lọ.

Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ní òtútù ni. Oṣù kan, oṣù méjì, kò lọ. Ó fẹ́ sinmi, Ọ̀gá Sámí po oyin mọ́ ọtí líle fún un, ó ní, "Rósì, gbé e mì, kọ ọ́. Èèyàn ti kún ilé." Ó gbé e mì, ó kọ ọ́. Ọdún kan gbáko ló fi ń gbé e mì. Ní ọ̀sán Sátidé kan, níbi ijó àwọn òṣìṣẹ́ ní Yábàá, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Àwọn èèyàn rò pé eré ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó tún la ẹnu. Ó fi aṣọ ìnujú nu ètè, ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà sọ fún un pé nǹkan ti hù sí i lọ́fun, pé ó ti pẹ́, pé ká ní ó tètè wá ni. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ọmọbìnrin mìíràn ti wọ gáùn rẹ̀, Rósì náà sì ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí ọ̀fun bá ń dùn ọ́, má kọrin. Bí èèyàn tilẹ̀ kún ilé dé òrùlé, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n máa rí ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwọ kò ní rí ọ̀fun mìíràn.

Ó wá bá mi nínú òjò, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Bàbá wa ti kú, kò sí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rù mọ́. Mo jẹ́ kó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò lè gbé e mì. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé mo lè dùbúlẹ̀ níbí díẹ̀?" Mo ní ọkọ mi kò ní gbà. Ọkọ mi, ẹni tí o mọ̀ ní Bàbá, wà nínú yàrá, wọ́n ké sí mi pé, "Ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Mo ní, "Oníbàárà ni." Ẹ̀bùn gbọ́ ọ. Ó gbé àpótí rẹ̀.

Ọkọ mi ì bá gbà á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, wọn ì bá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Onítẹ̀wé tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí ló fún un ní yàrá lẹ́yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Mo máa ń gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún un láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ ti tán nígbà náà, ó ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ̀rọ̀ sórí àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé kù nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ: Ẹ jẹ́ kí n rí Dúpẹ́.

Mo ní, "Jẹ́ kí ara rẹ yá ná."

Ó kọ ọ́ pé: Kò ní yá.

Mo ní, "Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, màá lọ mú un wá."

Ó wò mí títí. Ó kọ ọ́ pé: Ẹ ṣé, Àǹtí mi.

Mo sọ fún ara mi pé ojú ọmọ kò gbọdọ̀ rí ìyá rẹ̀ báyẹn. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí o bá rí i, wàá mọ̀ ọ́n, wàá sì dì mọ́ ọn. Mo ti fi bébà mẹ́fà nínú àwọn bébà náà sínú àpòòwé yìí. Ọwọ́ ìyá rẹ nìyẹn. Ka orúkọ rẹ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Àjíǹde dé. Mo gbé ẹ̀kọ débẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó onítẹ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ìkòkò ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Àtàná ló ti ń kọjú sí ọ̀nà. A ò mọ ẹni tó ń retí." Agbè ló fọ́ níyẹn, ọmọ mi, omi náà sì dànù.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló wá nínú ẹgbẹ́ eléré, bàbá arúgbó tó ń tẹ dùùrù. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n tó ń bá a tọ́jú ọmọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Dúpẹ́! Ó ní, "Òyìnbó kan fẹ́ mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè fi òkun sáàárín òun àti ọmọ òun. Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá, pé lóṣù tó ń bọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lè ní kí òun wá rí i." Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ lé e tán. N kò lè sunkún lójú ọkùnrin náà.

Mo wá mú ọ ní Ìgbòkòdá lẹ́yìn Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́. Mo sọ fún ọ pé ibà ló pa á. O kò sunkún. O wò mí, o ní, "Ṣé ìyá mi bínú sí mi ni?" Mo ní kí o jẹun kí oúnjẹ má tutù.

Kò bínú sí ọ. Mo ń dáhùn rẹ báyìí. Kò bínú sí ọ lọ́jọ́ kan rí.

Nítorí náà, ní ti gbólóhùn tí o kọ, pé o fẹ́ dà bíi rẹ̀: má ṣe bẹ́ẹ̀. Fẹ́ràn rẹ̀, kọ orin rẹ̀ bí o bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má gba èèyàn gbọ́ bó ti gbà wá gbọ́. Má kọrin láti fi wá ìyá tó gbàgbé rẹ, nítorí kò sí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Lọ sí Àkrà. Máa jẹun lásìkò. Bá ọkùnrin tó bá wù ọ́ rìn, ṣùgbọ́n mọ ilé rẹ̀ kó o tó mọ yàrá rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wá sílé. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè ọ́ ní oníbàárà.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ẹni tí ǹ bá bẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ní Àpápá ni ọkọ̀ yín ti máa ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màá wá síbẹ̀ láàárọ̀. N kò ní sún mọ́ ọ. Màá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wá. Bí o kò bá fẹ́, má wojú mi, máa gun ọkọ̀ lọ. Èmi á ti rí ọ, ó tó.

Láti ọjọ́ tí o ti lọ sílé ìwé ni mo ti máa ń fi "Ìyá rẹ" parí lẹ́tà mi. Lónìí n kò ní kọ ọ́, àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ní kí n máa kọ ọ́.

Dọ̀kásì,
ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bùn.